Ebi Kọ́ Ló Ń Mú Ológbò Pa Èkúté: Ìtàn Ológbò Abúlé Ìbàdàn àti Ìsanrajù Òde Òní

Nínú gbogbo ẹran tí à ń sìn nílé Yorùbá, a kò rí èyí tí àdéhùn rẹ̀ pẹ̀lú onílé dà bíi ti ológbò. Ewúrẹ́ ń jẹ èèpo iṣu, adìẹ ń ṣa àgbàdo tí a bá fọ́n sílẹ̀, ajá ọdẹ ní ìpín tirẹ̀ lára ẹran tó bá lé mú. Ológbò ni a gbà sílé pé kí ó máa bọ́ ara rẹ̀. Èkúté ni iṣẹ́ rẹ̀, èkúté náà sì ni owó oṣù rẹ̀. Bí ẹ bá dàgbà ní abúlé èyíkéyìí láti Mọ́níyà títí dé Àkànràn, ó ṣeé ṣe kí ẹ ti gbọ́ òfin tó tẹ̀lé àdéhùn yìí: ẹ má bọ́ ológbò yó o, bó bá yó kò ní pa èkúté mọ́.

Òfin yìí la fẹ́ tọ ìtàn rẹ̀ lẹ́sẹ̀. Ológbò tí àwọn àgbà ṣe é fún jẹ́ ológbò tó tẹ́ẹ́rẹ́, tó ń sáré láti àṣálẹ́ di òwúrọ̀. Àwọn kan nínú èyí tí à ń rí lónìí ní Àkóbọ̀, ní Olódó, àti lẹ́yìn àwọn oko adìẹ lójú ọ̀nà Ẹgbẹ́dá ti rí rọ̀bọ̀tọ̀, ikùn wọn ń mì bí wọ́n bá ń rìn. Bí ẹnìkan bá wá mú òfin àtijọ́ lò fún irú ológbò bẹ́ẹ̀, tó ní òun yóò febi pa á títí yóò fi rù, ó lè pa á kí oṣù tó parí. Kì í ṣe àsọdùn. A óò ṣàlàyé bó ṣe ń ṣẹlẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ padà sẹ́yìn díẹ̀. Ọkà ló pe èkúté, èkúté ló pe ológbò. Nígbà tí àwọn ènìyàn ìhà Ìlà-Oòrùn ayé bẹ̀rẹ̀ sí í gbin ọkà tí wọ́n sì ń kó o jọ, èkúté wá bá wọn gbé, ológbò ìgbẹ́ sì tẹ̀lé èkúté wá. Ní 2004, àwọn awalẹ̀pìtàn kéde sàréè kan tí wọ́n rí ní erékùṣù Cyprus, níbi tí wọ́n ti sin ènìyàn àti ológbò sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn ní nǹkan bí 9,500 ọdún sẹ́yìn. Ológbò ìgbẹ́ tó wà ní apá ibẹ̀ àti ní àríwá Áfíríkà ni baba ńlá gbogbo ológbò ilé tó wà láyé lónìí, títí kan èyí tó ń sùn lórí àpò gaàrí ní Èrúnmu.

Ní ti bó ṣe dé ọ̀dọ̀ wa, orúkọ rẹ̀ lè là wá lójú díẹ̀. Ológbò àti ológìnní ni gbogbo wa mọ̀. Àwọn àgbà mìíràn a máa pè é ní músù. Àwọn Haúsá ń pè é ní mage tàbí kyanwa, wọ́n sì ń pe akọ rẹ̀ ní muzuru. Àwa tí à ń kọ́ nípa èdè kò lè ṣàì fura pé músù àti muzuru ti jọ rìn pọ̀ rí lójú ọ̀nà òwò. Ìfura ni o, ẹ má lọ kọ ọ́ sínú ìdánwò.

Ìbàdàn tí a mọ̀ lónìí bẹ̀rẹ̀ bí ibùdó ogun ní nǹkan bí 1829. Àwọn jagunjagun ń jẹun, oko ló sì ń bọ́ wọn. Yí ìlú náà ká ni oko etílé wà, lẹ́yìn rẹ̀ ni oko ẹgàn tó jìnnà sílé. Ilẹ̀ tó di Akínyẹlé, Lágelú, Ẹgbẹ́dá àti Ọ̀nà-Àrà lónìí wà nínú oko wọ̀nyẹn. Agbo ilé tó wà nígboro ní abà tirẹ̀ lóko. Bí ọdún bá dé tàbí tí òkú àgbà bá kú, gbogbo wọn a gba ilé lọ, abà a sì dá páropáro. Àgbàdo tó wà lórí àjà lókè ààrò, èlùbọ́ inú agbọ̀n, egúsí, àti irúgbìn tí wọn óò fi gbin ọdún tó ń bọ̀, ológbò ni wọ́n fi ń ṣọ́ gbogbo rẹ̀. Èkúté tó bá jẹ irúgbìn ti jẹ oúnjẹ ọdún méjì. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé bí ológbò bá re àjò, ilé a di ilé èkúté. Nígbà tí a bá gbọ́ òwe yẹn ní kíláàsì, ọ̀rọ̀ olórí tí kò sí nílé la máa ń fi ṣàlàyé rẹ̀. Ó dá wa lójú pé àgbẹ̀ tó kọ́kọ́ pa á ń sọ̀rọ̀ nípa àgbàdo rẹ̀ gan-an ni.

Ìwé ìtàn Yorùbá tí Samuel Johnson kọ, tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1921, sọ̀rọ̀ ogun Ìjàyè àti Kírìjì débi pé a fẹ́rẹ̀ẹ́ gbọ́ ìró ìbọn nínú rẹ̀. Kò ya orí kan sọ́tọ̀ fún ẹni tó ń ṣọ́ oúnjẹ àwọn jagunjagun. A kò bá bàbá jà. Ogun ló ká a lára.

Ohun kan tún wà tí a fẹ́ kí ẹ kíyè sí nínú àdéhùn yìí. Yorùbá fúnra rẹ̀ ń jẹ eku. Òkété, ẹmọ́ àti àfè, ẹran ọbẹ̀ ni wọ́n, ọmọdé abúlé sì mọ bí wọ́n ṣe ń dẹ ẹ̀bìtì fún wọn. Èkúté ilé, èyí tó ń jẹ aṣọ tó sì ń ya ìgbẹ́ sínú èlùbọ́, ni wọ́n yọ̀ǹda fún ológbò. Ìyẹn ni pé nínú eku pàápàá, èyí tí onílé kò fẹ́ ni ológbò rí gbà. Wọ́n lè ju orí ẹja tàbí eegun panla sí i lálẹ́, ẹ̀kọ́ tó ṣẹ́kù náà lè kàn án, kò jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Ológbò tó wọn kílò mẹ́rin nílò agbára oúnjẹ tó tó 200 kálórì lóòjọ́. Èkúté kékeré kan kò ju nǹkan bí 30 kálórì lọ. Ó ní láti pa bíi méje lójoojúmọ́, kì í sì í ṣe gbogbo ìgbà tó bá fò ló ń mú nǹkan. Ó ń lúgọ, ó ń fò, ó ń kùnà, ó tún ń lúgọ. Ẹran tó ń ṣe báyìí kó tó jẹun kò lè sanra. Èyí ló jẹ́ kí àwọn bàbá wa lè ní òfin àìbọ́-ológbò-yó láìsí pé ó ṣe ológbò ní ibi tó pọ̀. Èkúté wà nílẹ̀. Bí onílé kò bá fún un lóúnjẹ, yóò rí jẹ.

Àsìkò kan wà tí gbogbo ènìyàn rántí pé èkúté kì í ṣe olè àgbàdo nìkan. Ní 1924, àjàkálẹ̀ àrùn búbọ́níìkì bẹ́ sílẹ̀ ní Èkó, ó sì bá ìlú náà fínra fún ọdún mélòó kan. Kòkòrò tó ń mu ẹ̀jẹ̀ lára eku ló ń gbé àrùn náà dé ara ènìyàn. Ọ̀rọ̀ náà le débi pé ìjọba dá Lagos Executive Development Board sílẹ̀ ní 1928 láti wó àwọn àdúgbò tó há kí wọ́n sì tún ìlú tò. Rélùwè ti so Èkó mọ́ Ìbàdàn láti 1901, ó sì ti gba Lálúpọn kọjá lọ sí apá Òṣogbo. Ibi tí àpò ọkà bá ń lọ, èkúté lè bá a lọ. Ní ọdún 1924 yìí kan náà ni wọ́n gbé ibùdó ìwádìí àrùn ẹran kalẹ̀ ní Vom, ní orí òkè Jos. Màlúù ni wọ́n ń rò. Iṣẹ́ dókítà ẹran ní Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú màlúù, ó sì pẹ́ kó tó kan ológbò. Ìdí kan nìyẹn tí ọ̀pọ̀ wa fi mọ abẹ́rẹ́ adìẹ, tí a mọ oògùn aràn ajá, tí a kò sì rí i rí kí ẹnìkan gbé ológbò lọ wọn.

Nígbà tó wá di 1969, wọ́n rí àrùn kan ní Lassa, ní ìhà Borno, èyí tí ìtọ̀ àti ìgbẹ́ irú eku kan ń kó bá oúnjẹ. Ibà Lassa ti dé Oǹdó àti ibòmíràn nílẹ̀ Yorùbá látìgbà náà. Ológbò nìkan kò tó láti dènà rẹ̀, ọpọ́n tó ní ìdérí àti ilé tó mọ́ ló ṣe kókó jù. A dárúkọ rẹ̀ kí ẹ lè mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ẹni tó ń ṣọ́ àjà kò tíì di ọ̀rọ̀ àtijọ́.

Kí ló wá sọ ológbò tẹ́ẹ́rẹ́ di rọ̀bọ̀tọ̀? Ìgboro ló kọ́kọ́ wá bá oko. Ibi tí àgbàdo wà tẹ́lẹ̀ ní Àkóbọ̀, ní Mọ́níyà, ní Amúlókò, ilé onífẹ́ǹsì ló wà níbẹ̀ báyìí. Inú dúróòmù onídèérí ni èlùbọ́ wà, inú fíríìsà ni ẹran wà. Ológbò ṣì wà nílé, ṣùgbọ́n àjà tó ń ṣọ́ ti di àjà pátákó tí kò sí nǹkankan lórí rẹ̀.

Májèlé eku tí wọ́n ń polówó kiri nínú ọjà tún dá kún un. Èkúté tó bá jẹ ẹ́ kì í sábà kú lójú ẹsẹ̀, a máa ta gọ́ọ́gọ́ọ́ kiri fún ọjọ́ mélòó kan, irú rẹ̀ ló sì rọrùn jù fún ológbò láti mú. Ológbò tó jẹ èkúté olóró lè bá a lọ. Ẹni tí ológbò méjì bá ti kú mọ́ lọ́wọ́ báyìí a ti ilẹ̀kùn mọ́ ẹ̀kẹta. Ó ṣe dáadáa. Àmọ́ ológbò tí a tì mọ́lé kì í sáré mọ́, oúnjẹ rẹ̀ sì ti di ọ̀ranyàn lọ́wọ́ onílé. Ìgbà yìí ni ìrẹsì tó ṣẹ́kù, dòdò, àkàrà, ẹja díndín àti omi ọbẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í dé iwájú rẹ̀ nígbà mẹ́ta lójúmọ́. Ṣíbí ńlá epo tàbí òróró kan ṣoṣo ní bíi 120 kálórì nínú. Ìyẹn ju ìdajì ohun tí ológbò nílò láti àárọ̀ dalẹ́ lọ, kò sì tíì fẹnu kan ẹja!

Ní oko adìẹ, ọ̀nà mìíràn ló gbà. Oúnjẹ adìẹ ń pe èkúté, nítorí náà olóko a ní ológbò méjì tàbí mẹ́ta. Ṣùgbọ́n ẹyin tó fọ́ àti òròmọdìẹ tó kú náà wà níbẹ̀, ológbò kò sì fẹ́ràn wàhálà ju àwa ènìyàn lọ.

Àwọn òyìnbó ti rin ọ̀nà yìí ṣáájú wa. Ní London ayé ọbabìnrin Victoria, àwọn ènìyàn kan wà tí iṣẹ́ wọn ni kí wọ́n máa ta ẹran ẹṣin lójúlé dójúlé fún àwọn tó ní ológbò. Síbẹ̀ ológbò wọn ń jáde. Ní 1947 ni ọkùnrin ará Amẹ́ríkà kan, Ed Lowe, ní ìpínlẹ̀ Michigan, bẹ̀rẹ̀ sí í ta amọ̀ gbígbẹ tí ológbò lè yàgbẹ́ sí nínú ilé. Ohun kékeré ni, ṣùgbọ́n òun ló jẹ́ kó rọrùn láti sé ológbò mọ́lé láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún dé òpin. Oúnjẹ pálí wá kún un. Nínú ìwádìí tí ẹgbẹ́ Association for Pet Obesity Prevention ṣe ní Amẹ́ríkà ní 2022, ológbò 61 nínú 100 ló sanra ju bó ṣe yẹ lọ. A kò wí pé Lálúpọn ti di Amẹ́ríkà. A kàn ń wí pé ọ̀nà kan náà ni: iṣẹ́ ni ológbò kọ́kọ́ pàdánù kó tó gbé ikùn.

Ẹ jẹ́ ká wá padà sórí òfin àwọn àgbà. Ṣé òótọ́ ni pé ológbò tó yó kì í pa èkúté? Ní 1976, onímọ̀ kan tó ń jẹ́ Robert Adamec tẹ ìwádìí kan jáde. Ó gbé oúnjẹ tí àwọn ológbò kan fẹ́ràn síwájú wọn, bí wọ́n ṣe ń jẹ ẹ́ lọ́wọ́ ló tú eku sílẹ̀ níwájú wọn. Wọ́n fi oúnjẹ sílẹ̀, wọ́n pa eku náà, wọ́n gbé e padà wá síbi àwo, wọ́n sì tẹ̀ síwájú láti máa jẹ oúnjẹ wọn. Ebi lè mú kí ológbò túbọ̀ tara bọ ọdẹ, ṣùgbọ́n ebi kọ́ ló ń jẹ́ kó ṣọdẹ. Ìṣẹ̀dá rẹ̀ ni. Ohun tí àwọn bàbá wa rí kì í ṣe irọ́, ìdí rẹ̀ ni wọ́n fi síbi tí kò sí. Ológbò tó ti sanra jù kò lè fò mọ́, oríkèé ń dùn ún, kò yá lẹ́sẹ̀ bíi ti tẹ́lẹ̀. Ọ̀rá ló ń dí i lọ́wọ́.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti di ikú àti ìyè rè é. Bí ológbò tó sanra bá wà láìjẹun fún bí ọjọ́ méjì sí mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ara rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í tú ọ̀rá tó ti kó pamọ́, ọ̀rá náà á sì ya lọ sínú ẹ̀dọ̀. Ẹ̀dọ̀ ológbò kò lè fi irú ìyára bẹ́ẹ̀ lò ó. Ọ̀rá á kún ẹ̀dọ̀, ẹ̀dọ̀ á dáṣẹ́ sílẹ̀, ojú àti etí á pọ́n bí ata rodo tó pọ́n sí ìyeyè, oúnjẹ á sì wá kọ ológbò náà gan-an. Bí wọn kò bá tètè gbé e dé ọ̀dọ̀ dókítà ẹran tí yóò máa fi rọ́bà bọ́ ọ, ikú ló sábà máa ń já sí. Ẹ wá wo bó ṣe rí: ìyá kan ní ológbò òun ti ya ọ̀lẹ, ó dè é mọ́ yàrá tí èkúté pọ̀ sí, ó ní kò gbọdọ̀ jẹun títí yóò fi ṣiṣẹ́. Ní ọjọ́ kẹrin wọ́n ní àwọn ayé ló pa á. Òfin tó ṣiṣẹ́ fún ológbò kílò mẹ́ta lórí àjà abà ni wọ́n fi tọ́jú ológbò kílò méje inú páálọ̀.

Báwo la ṣe ń mọ̀ pé ológbò ti sanra jù? Ní 1997, dókítà ẹran kan ní Amẹ́ríkà, Dottie Laflamme, ṣe òṣùwọ̀n onípele 9 tí wọ́n ṣì ń lò káàkiri ayé. Ìpele 5 ló dára. Kò nílò ẹ̀rọ, ọwọ́ àti ojú ni. Ẹ fi ìka ra ìhà rẹ̀: ó yẹ kí ẹ lè ka egungun ìhà láìtẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, bí ìgbà tí ẹ bá fọwọ́ ra ẹ̀yìn ọwọ́ yín. Ẹ dúró lókè kí ẹ wo ẹ̀yìn rẹ̀: ó yẹ kí ìbàdí rẹ̀ hàn. Bí ẹ bá ń wá egungun ìhà tí ẹ kò rí i, tí ikùn sì rọ̀ sílẹ̀ bí àpò, ó ti ré kọjá. Ìṣòro tiwa ni pé ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í fọwọ́ kan ológbò. Ọ̀rọ̀ àjẹ́ tí wọ́n ti so mọ́ ọn lọ́rùn, pàápàá èyí tó bá dúdú, kò jẹ́ kí wọ́n lè gbé e lé itan. Ẹran tí a kò fọwọ́ kàn, ta ni yóò mọ ìgbà tó gbé ikùn?

Ní ti ìwúwo, ìwọ̀n tí wọ́n fi ń gbé adìẹ kọ́ ní oko adìẹ dára púpọ̀. Ẹ gbé ológbò sínú agbọ̀n, ẹ gbé e kọ́, ẹ yọ ìwúwo agbọ̀n kúrò. Ẹ máa ṣe é lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀. Ológbò tó ń dínkù bó ṣe yẹ kì í dínkù ju ìdá 1 sí 2 nínú 100 ìwúwo rẹ̀ lọ lọ́sẹ̀ kan. Èyí tó wọn kílò mẹ́fà, tí a fẹ́ kó padà sí mẹ́rin àbọ̀, bó bá ń sọ 60 gíráàmù nù lọ́sẹ̀ kan, oṣù mẹ́fà gbáko ni. Ẹni tó bá ń kánjú kó má bẹ̀rẹ̀.

Epo ni kí ẹ kọ́kọ́ dín kù, lẹ́yìn náà ìrẹsì, búrẹ́dì àti mílíìkì. Ẹ má dín ẹran kù ju bó ṣe yẹ lọ. Ológbò kì í ṣe ajá, kò lè fi ẹ̀kọ́ àti èbà gbé ara ró. Ní 1987, Paul Pion àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì California, Davis, fi hàn pé ológbò tí kò rí táúrìnì tó, èròjà kan tó wà nínú ẹran àti ẹja, ọkàn rẹ̀ á fẹ̀, agbára rẹ̀ á sì tán. Ẹja tàbí adìẹ bíbọ̀ tí kò ní iyọ̀, ata àti àlùbọ́sà ni kí ẹ fún un, díẹ̀díẹ̀, nígbà mẹ́ta tàbí mẹ́rin lójúmọ́. Àlùbọ́sà ń ba ẹ̀jẹ̀ ológbò jẹ́, nítorí náà omi ọbẹ̀ kì í ṣe ìkẹ́. Bó bá jẹ́ oúnjẹ pálí gbígbẹ ni, bíi 50 gíráàmù ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tó fún ológbò kílò mẹ́rin lóòjọ́. Ẹ fi ìwọ̀n wọ̀n ọ́n, ẹ má fi ojú díwọ̀n. Kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ fún èyí tó ti sanra gan-an, ẹ jẹ́ kí dókítà ẹran yẹ̀ ẹ́ wò, nítorí àtọ̀gbẹ ń ṣe ológbò tó sanra náà. Ilé ìwòsàn ẹran ti Yunifásítì Ìbàdàn kò jìnnà sí Mọ́níyà.

Wọ́n tún máa ń bi wá nípa títẹ̀ lọ́dàá. Àwọn àgbẹ̀ wa ti mọ ìdáhùn rẹ̀ tipẹ́. Kí ni wọ́n ṣe ń tẹ òbúkọ lọ́dàá? Kó lè sanra. Bẹ́ẹ̀ náà ló rí fún ológbò, akọ àti abo: bí wọ́n bá ti ṣe iṣẹ́ abẹ tí kò ní jẹ́ kó bímọ mọ́, oúnjẹ tó nílò á dínkù tó ìdá 20 sí 30 nínú 100, ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ á sì máa fẹ̀ sí i. Iṣẹ́ abẹ náà dára, ó ń dín ìjà àti ọmọ tí kò ní olùtọ́jú kù. Láti ọ̀sẹ̀ náà ni kí onílé ti dín àwo kù.

Ohun tó kù jẹ́ iṣẹ́ àwa tí à ń kọ́ nípa Yorùbá. Ẹ dé ilé ìyá àgbà kan ní Ejíokú, ẹ wá sọ pé, "Ìyá, ológbò yín ti sanra jù." Wọn óò dúpẹ́ lọ́wọ́ yín! Ìyìn ni sísanra lẹ́nu wa. Ẹni tó sanra ni ara dẹ̀, ẹni tó rù ni à ń bi pé kí ló dé. A wá ọ̀rọ̀ fún ìsanrajù títí, a rí i pé ọ̀rọ̀-orúkọ tí a bá ṣẹ̀dá nínú yàrá ìkàwé kò wọ etí ẹnikẹ́ni níbẹ̀. Ohun tó wọlé jù ni kí a sọ ọ́ mọ́ iṣẹ́ ológbò: "Ìyá, ẹ kú ìtọ́jú o. Ara rẹ̀ ti wúwo ju eré rẹ̀ lọ, kò lè bá èkúté dé orí àjà mọ́. Ẹ jẹ́ ká yọ epo kúrò nínú oúnjẹ rẹ̀, àmọ́ ẹ má febi pa á o, ẹ̀dọ̀ rẹ̀ kò gbà á." Wọn óò bi yín pé ta ló sọ fún yín pé ológbò ní ẹ̀dọ̀ tó tó bẹ́ẹ̀. Ẹ jókòó, kí ẹ ṣàlàyé rẹ̀ fún wọn.